Ọ̀fẹ́ Kọ́ Ló Ń Sọ Iṣẹ́ Ọnà Di Yẹpẹrẹ

Ètò iṣẹ́ ọnà ọ̀fẹ́ ni èyí tí wọ́n ṣe níbi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé wò láìsan kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ibi náà lè jẹ́ ojúde ọba, pápá, gbọ̀ngàn ìjọba, ọgbà ìgbafẹ́ tàbí ilé ìkàwé. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lè jẹ́ eré orí ìtàgé, ijó, ìlù, ewì, àfihàn àwòrán tàbí ọdún ìbílẹ̀. Èrò kan ti wá gbilẹ̀ láàárín àwọn aláṣẹ, àwọn alábòójútó gbọ̀ngàn àti ọ̀pọ̀ òṣèré pàápàá pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bágbà mu mọ́. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń ti èrò náà lẹ́yìn. Wọ́n ní ohun téèyàn kò sanwó fún, kò ní mọyì rẹ̀. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ìlú gbọ́dọ̀ máa bọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní ebi ni ọ̀fẹ́ fi ń pa òṣèré. Wọ́n sì ní ibi tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, wàhálà ló ń bí.

Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ètò tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa jiyàn lé lórí ni ẹni tó yẹ kó san án àti ìgbà tó yẹ kó san án. Níbi tó bá jẹ́ ti ìlú, ó yẹ kí owó ti wà nílẹ̀ kí òǹwòran tó dé, kí òṣèré gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí.

Orí ẹni tó ni ilé ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1976 ni wọ́n parí National Theatre tó wà ní Ìgànmú, l'Ékòó, ní ìmúrasílẹ̀ fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tó wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977. Owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì. Gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Alágbàṣe, alákàrà, awakọ̀ dánfó, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú ilé náà, nítorí ọrọ̀ tó jẹ́ tiwọn lápapọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí wọ́n bá wá dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ní kí wọ́n mú owó tó ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ wá, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá sì rí i san, a jẹ́ pé owó wọn ni wọ́n fi kọ́lé fún ẹlòmíràn.

Ìtàn ilé yìí kan náà ló dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí gbọ̀ngàn máa bọ́ ara rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń háyà àwọn gbọ̀ngàn ibẹ̀ fún ayẹyẹ, tí wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo sinimá. Síbẹ̀ òrùlé ń jò, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, ilé náà sì di àkúrẹtẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe yóò fi dé, Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn ilé ìfowópamọ́ ló gbé owó kalẹ̀. Ní 2024 ni ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ilé náà. Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tún un ṣí. Ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í fi owó tíkẹ́ẹ̀tì dúró. Ìtọ́jú tí wọ́n bá là sílẹ̀ nínú ìnáwó ọdọọdún, tí wọ́n sì ná ní tòótọ́, ló ń mú un dúró. Aláṣẹ tó bá ń wo ẹnu géètì fún owó òrùlé ń fi òrùlé náà sílẹ̀ fún òjò.

Àwọn kan gbà pé àṣà àjèjì ni ètò ọ̀fẹ́, pé àjọ ilẹ̀ òkèèrè ló gbé e wá. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó, Hugh Clapperton àti Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin ní kí wọ́n dúró wo eré tí àwọn eégún apidán fẹ́ ṣe ní gbàgede ààfin. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀: àwọn tó wọ inú àpò jó, òjòlá tí wọ́n fi ọgbọ́n ọwọ́ ṣe tó ń rìn bí èyí tó ní ẹ̀mí, àti ẹni tó ṣe ara rẹ̀ bí òyìnbó, tó ń sín wọn jẹ. Èrò rẹpẹtẹ ló wò ó pẹ̀lú wọn, ọba ló sì gba àwọn òṣèré náà lálejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn alárìnjó ṣe ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Wọn a kọ́kọ́ jó yí ìlú ká, kí ìlù lè pe èrò jọ. Lẹ́yìn náà wọn a dúró ní ojúde ẹni tó gbà wọ́n sílé, wọn a júbà, wọn a jó, wọn a pidán, wọn a sì ṣe ẹ̀fẹ̀. Olówó a ná wọn lówó, àwọn obìnrin ọjà a gbé oúnjẹ wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan a fi àtẹ́wọ́ àti ègbè orin ṣe tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìlànà yìí. Ẹni tó ní ló ń gbé ìnáwó ẹni tí kò ní, gbogbo wọn sì jọ ń wo eré kan náà lójú kan náà. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló sì ń dá òṣèré lẹ́kọ̀ọ́. Ìlú tó ti ń gbọ́ oríkì láti kékeré mọ ìgbà tí akéwì ṣi ohùn, ó sì mọ ìgbà tí onílù ta kókó ọ̀rọ̀ nù. Láàárín òǹwòran tó gbọ́n báyìí ni àwọn òṣèré ti kọ́ iṣẹ́ wọn dójú àmì, láìsí ẹni tó ja tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n máa ń fi Hubert Ògúnǹdé, gbajúgbajà òṣèré orí ìtàgé, jiyàn níbí. Òótọ́ ni pé láti ìgbà tó ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, owó ẹnu ọ̀nà ló fi bọ́ wọn, òun ló sì fi gbé wọn káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ akọni ni, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Ògúnǹdé. Òun ló ń háyà gbọ̀ngàn, òun ló ń gbé ewu, bí àdánù bá ṣẹlẹ̀, orí rẹ̀ ló ń já lé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó dá iye tó bá wù ú. Gbọ̀ngàn tí ìlú kọ́ kò sí nípò yẹn, alábòójútó rẹ̀ kò sì fi owó ara rẹ̀ wewu. Àṣeyọrí oníṣòwò kò lè di ìdí tí ìlú yóò fi ta ohun tó ti jẹ́ ti ìlú tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ènìyàn kì í mọyì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tẹnu mọ́ jù, òun náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí owó ìwọlé ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè tó ń gbowó tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wá síbẹ̀ lọ́dún kan ṣáájú ìyẹn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 7. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 18. Ohun tí ènìyàn kò kà sí, kì í tún padà lọ wò ó lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀.

Ní New York, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́. Joseph Papp ti dá ẹgbẹ́ eré Shakespeare sílẹ̀ ní 1954. Ní 1957 wọ́n fi ọkọ̀ gbé ìtàgé kiri àwọn àdúgbò láìgbowó, títí wọ́n fi fìdí kalẹ̀ sí Central Park. Ní 1959, Robert Moses tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọgbà ìlú náà ní dandan ni kí Papp gbowó ìwọlé, nítorí pé èrò ń tẹ koríko run, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ san owó àtúnṣe rẹ̀. Papp kọ̀ jálẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre lọ́dún náà, Moses fúnra rẹ̀ ló sì wá ń wá owó tí wọ́n yóò fi kọ́ ìtàgé gidi síbẹ̀. Delacorte Theater ṣílẹ̀kùn ní 1962, ó gba nǹkan bí 1,800 ènìyàn, ọ̀fẹ́ sì ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí di òní. Àwọn ènìyàn máa ń tò síbẹ̀ láti àárọ̀ kùtù kí wọ́n lè rí àyè wo eré alẹ́. Ẹni tó fi ọjọ́ odindi dúró de eré kan ti san ohun tó ṣòro san ju owó lọ.

Bó ṣe rí nìyẹn nílé pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó tẹ̀lé Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní oṣù kẹjọ, ibi tí UNESCO ti kà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 2005. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún ọjọ́ náà kò dín kù nítorí ìyẹn. Ìtọ́ni àti ìmọ̀ ló ń bí iyì. Ohun tó sì ń pa á wà níta gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ rí i: ètò tí wọ́n pè ní agogo mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han létí, ilé ìyàgbẹ́ tí kò ṣeé wọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn èèkàn tó gba wákàtí méjì kí onílù tó rí àyè lu ìlù. Bí wọ́n bá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún irú ètò bẹ́ẹ̀, yẹpẹrẹ ni yóò ṣì jẹ́, àfi pé àwọn olówó nìkan ni yóò rí yẹpẹrẹ náà.

Owó ẹnu ọ̀nà ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ kì í fẹ́ dárúkọ: òun ló ń yan ẹni tí yóò wọlé. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, iṣẹ́ yìí hàn sójú táyé. Nígbà Kánífà, àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń na okùn yí ọkọ̀ akọrin wọn ká láàárín títì. Ẹni tó ra aṣọ ẹgbẹ́ lówó gọbọi ń jó nínú okùn. Ẹni tí kò rí i rà ń fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n háyà kí wọ́n di okùn náà mú jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ. Títì tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ni wọ́n pín sí méjì yìí. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ Kánífà kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé, ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Curuzu dá ẹgbẹ́ Ilê Aiyê sílẹ̀ ní 1974. Ní alẹ́ Sátidé Kánífà, ìwúre àwọn olórìṣà ló ń ṣíwájú kí ẹgbẹ́ náà tó gbéra ní òkè Curuzu, ojú pópó ni wọ́n sì ti ń ṣe é, níṣojú gbogbo àdúgbò. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìjọba ti ń san owó fún àwọn gbajúmọ̀ akọrin kí ọkọ̀ wọn lè kọjá láìsí okùn. Akọrin gba owó iṣẹ́ rẹ̀, títì sì padà di ti ará ìlú.

Kì í ṣe òǹwòran nìkan ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ń mú wọlé. Ó ń mú ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ọnà ọ̀la wọlé pẹ̀lú. Ní 1962, òṣèré Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, létí títì, níbi tí èrò ọjà ti ń kọjá. Níbẹ̀ ni Ládípọ̀ ti ṣe eré Ọba Mòrò, ibẹ̀ náà ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963, kó tó dé Berlin ní 1964. Nígbà tí Denis Williams, Jacob Lawrence àti Georgina Beier wá kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ àwòrán níbẹ̀, wọn kò béèrè owó, wọn kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Ládípọ̀ di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Mùráínà Oyèlámì náà bẹ́ẹ̀. Oníjó lẹ́yìn ẹni tó ń ta oògùn káàkiri ni Twins Seven Seven nígbà tó yà síbi àríyá kan ní Mbari Mbayo ní 1964 láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ní 2005, UNESCO fi í jẹ Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà. Ká ní ẹ̀ṣọ́ tó ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà ni, ì bá bá oògùn rẹ̀ lọ. Ẹ̀bùn kì í fara hàn lápò ẹni, nítorí náà ẹni tó bá fi àpò ṣe òṣùwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà yóò máa lé ẹ̀bùn padà láìmọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó òṣèré. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́, òṣèré nìkan ló ń ru ẹrù ọ̀fẹ́ náà. Ẹni tó gbé àga wá gba owó. Ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá gba owó. Alásè àti ẹni tó ta kánópì gba tiwọn. Onílù, akéwì àti oníjó ni wọ́n máa ń sọ fún pé, “Ẹ fi polówó ara yín.” Ìrẹ́jẹ ni, kò sì sí ìfẹ́ àṣà tó lè sọ ọ́ di ohun rere. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé owó ẹnu ọ̀nà ni oògùn rẹ̀ ti so ohun méjì tí kò so mọ́ra pọ̀. Iye tí òǹwòran san àti iye tí òṣèré gbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn tí owó gbọ̀ngàn, dísù, ẹ̀ṣọ́ àti ìpolówó bá ti kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń kù fún ẹgbẹ́ kékeré kì í tó wọn wọkọ̀ padà sílé. Ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ṣáájú, pẹ̀lú iye tó dájú àti ọjọ́ tí wọn yóò san án, ló ń dáàbò bo òṣèré. Kí òfin gbọ̀ngàn ìlú gbogbo sì sọ ọ́ kedere pé òṣèré ni wọn yóò kọ́kọ́ san owó fún. Bí owó kò bá sí fún òṣèré, kí ètò náà má wáyé.

Ọ̀rọ̀ èrò tó pọ̀ ju ibi tó gbà wọ́n lọ gba ìwà ìṣọ́ra, nítorí ẹ̀mí ti bọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú níbi àríyá ọ̀fẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Baṣọ̀run, n'Íbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fi ikú wọn gbèjà tíkẹ́ẹ̀tì. Ìpolówó àríyá náà ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ tí iye wọn ní gbèdéke, èrò sì ti kún ẹnu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó kéré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dù, àti ẹnu ọ̀nà tóóró tí kò sí ìṣètò fún, ni ewu náà. Ní Houston, l'Amẹ́ríkà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ènìyàn 10 kú nínú ìfúnpọ̀ èrò níbi àríyá orin Astroworld, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wọlé síbẹ̀. Kíka èrò, ẹnu ọ̀nà tó pọ̀, olùtọ́jú aláìsàn tó wà nítòsí, àti àṣẹ láti dá ètò dúró kí nǹkan tó bàjẹ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Kí ẹnikẹ́ni má sì pín owó tàbí ìrẹsì níbi ètò iṣẹ́ ọnà.

Ó yẹ kí àwọn tó ń gbèjà ọ̀fẹ́ náà gbà pé ọ̀fẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tàbí Agége yóò ná owó ọkọ̀ àti wákàtí púpọ̀ kó tó dé Erékùṣù Èkó, ì báà jẹ́ pé kò san nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà ọgbà Freedom Park tó wà níbẹ̀. Owó ìwọlé ti kúrò, owó ọ̀nà ṣì wà. Bí wọ́n bá sì ṣe ètò náà ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi darí rẹ̀, àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò wá. Ìdí nìyí tí ètò fi gbọ́dọ̀ tọ ènìyàn lọ. Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, fi Bàrígà ṣe ibùjókòó, ó sì ti fi hàn pé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní ti mẹ̀kúnnù lè bí òṣèré tó peregedé. Ó yẹ kí gbàgede tó dára, tó ní iná àti omi, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àìsàn mìíràn tó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ ni ọwọ́ olóṣèlú. Nígbà tí àwòrán gómìnà bá ga ju ìtàgé lọ, tí ìlú sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi owó ìlú ṣe ìlú lálejò, ètò náà ti kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ tí òṣèré, olùkọ́ àti ará àdúgbò wà nínú rẹ̀ máa yan ètò, kí wọ́n máa tẹ ìṣirò owó jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fòfin de ìpolongo ìbò níbẹ̀.

Owó tó tó ṣe gbogbo èyí wà. Ní Brazil, láti 1946 ni àwọn ilé iṣẹ́ òwò ti ń dá ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn fún àjọ Sesc, èyí tó ń ṣètò eré, orin àti àfihàn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ń fi owó ẹgbẹ́ wọn múra, àwọn ìdílé balógun ń gun ẹṣin wá, ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe onígbọ̀wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wò ó láìsanwó. Owó tí kò wọlé ní géètì ń wọlé lọ́dọ̀ aránṣọ, aláṣọ òfì, olóúnjẹ, onímọ́tò àti ilé ìtura. Abala 21 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ọdún 1999 náà sì ní kí ìjọba dáàbò bo àṣà, kí ó sì gbé e lárugẹ.

Ojúṣe náà ti wà lákọsílẹ̀, ilé ti wà lórí ìdúró, òṣèré kò sì wọ́n. Ohun tó kù ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ilé àti fún owó òṣèré, kí onígbọ̀wọ́ fi tirẹ̀ kún un láìgba àkóso, kí ètò bẹ̀rẹ̀ lákòókò, kí èdè tí ará ìlú ń sọ sì wà lórí ìtàgé. Aláṣẹ tó bá kọ̀ láti ṣe èyí, tó wá ní kí ará ìlú máa sanwó wọ ilé tí wọ́n ti fi owó wọn kọ́, kò tíì sọ ìdí kan tó tọ́ tí wọn yóò fi gbà fún un.